Mò ń gba 65 nínú 80 nílé, D7 ni WAEC fún mi: báwo ni kí n ṣe dán gírámà Gẹ̀ẹ́sì mi wò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ọmọ ọdún 21 ni mí. Lágéré ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe WAEC, D7, tí kò tó credit, ni mo sì gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà méjèèjì. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí mo bá ṣe past question, ìyẹn ìbéèrè ọdún tó ti kọjá, nílé, mo máa ń gba 65 nínú 80. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè dán gírámà mi wò kí n mọ ibi tí mo bá a dé gan-an, kí n tó tún san owó fọ́ọ̀mù?

Ìdáhùn: O kú ìforítì. 65 tí ò ń gbà yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ ohun tó ń wọ̀n yàtọ̀ sí ohun tó já ọ kulẹ̀. Past question ń bi ọ́ bóyá o lè dá ìdáhùn tó tọ́ mọ̀ bí wọ́n bá gbé e síwájú rẹ. Àròkọ àti àkàyé ń bi ọ́ bóyá o lè fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó mọ orin gbè kò tíì mọ̀ ọ́n dá. Gírámà tí o lè gbè ni o ti ń dán wò láti ọjọ́ yìí. Èyí tí o lè dá ni ká wá dán wò báyìí.

Wo bí WAEC ṣe pín máàkì. Ìbéèrè 80 tó ní ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin lábẹ́, 40 máàkì péré ni gbogbo rẹ̀, ìdajì máàkì fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Oral, ìyẹn ti ìró ohùn, jẹ́ ìbéèrè 60, 30 máàkì. Pépà tí a ń fọwọ́ kọ nìkan ló ní 100: àròkọ 50, àkàyé 20, sọ́márì 30. Nínú 50 ti àròkọ, 10 wà fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún bí o ṣe tò ó, 20 fún bí o ṣe lo èdè, 10 tó kù sì wà fún kíkọ tí kò lábùkù: gírámà, sípẹ́lì, àmì ìdánudúró. Ìdajì máàkì ni wọ́n ń yọ nínú 10 yìí fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe 20, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Àròkọ náà yóò sì tó nǹkan bí ọ̀rọ̀ 450, ìyẹn ni pé bí o bá ń ṣe àṣìṣe kan péré ní ìlà méjì àbọ̀, òdo ni o gbà níbẹ̀. Past question kankan kò lè sọ èyí fún ọ.

65 náà fúnra rẹ̀ nílò àyẹ̀wò. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tó bá kàn méfò yóò mú ọ̀kan nínú mẹ́rin. Bí o bá mọ 60 ní tòótọ́, tí o sì méfò nínú 20 yòókù, 65 ni yóò fún ọ. Bó bá sì jẹ́ ìwé kan náà ni ò ń ṣe léraléra, o ti ń rántí lẹ́tà ìdáhùn, o kò ronú kan gírámà rárá mọ́.

Má ju past question náà nù ṣá o, òun la ó fi ṣe ìdánwò kìn-ín-ní. Wá pépà ọdún kan tí o kò ṣí rí. Gé páálí pẹlẹbẹ kan tí yóò bo ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, ka ìbéèrè, kí o sì kọ ọ̀rọ̀ tí ìwọ rò pé ó yẹ ní àlàfo náà sínú ìwé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kọ D bó bá dá ọ lójú, kọ M bí o bá méfò. Ẹ̀yìn náà ni kí o ṣí páálí. Nígbà tí o bá ń máàkì, èyí tó jẹ́ D tó sì tọ́ nìkan ni kí o kà sí máàkì rẹ. M tó tọ́, oríire ni. Fi í sílẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kí o fi yíká pupa ni D tí kò tọ́. Ohun tí o gbà gbọ́ tọkàntọkàn tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn, yóò sì máa yọjú nínú gbogbo àròkọ tí o bá kọ, nítorí o kò ní rántí láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìkìlọ̀ kan rèé: ìdáhùn tí wọ́n ń tẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé past question máa ń ní àṣìṣe ìtẹ̀wé. Bí ìdáhùn wọn bá tako tìrẹ, tí o sì lè sọ ìdí tìrẹ, má tètè gbà. Lọ wo díkíṣọ́nárì tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà U tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ níbẹ̀ túmọ̀ sí pé kò ṣeé kà ní méjì mẹ́ta. C túmọ̀ sí pé ó ṣeé kà.

Ìdánwò kejì ló ṣe pàtàkì jù. Gbólóhùn Yorùbá mẹ́wàá ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Pa fóònù, mú bírò, kọ wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì láàárín ìṣẹ́jú 15. Má ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí o tó kọ ọ́ tán.

1. Mo ti rí ọ̀gá mi lánàá.
2. Ó ti ń gbé ní Mọ̀rẹ̀ láti ọdún 2015.
3. Yá mi ní bírò rẹ.
4. Ó bi mí pé níbo ni mò ń lọ.
5. Bàbá mi ti lọ sí oko wọn.
6. Bótilẹ̀jẹ́pé òjò rọ̀, síbẹ̀ a lọ.
7. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò ní bàtà.
8. Ó gbà mí nímọ̀ràn méjì.
9. O máa wá lọ́la, àbí?
10. Ká ní mo mọ̀ ni, n kì bá tí wá.

Ti àkọ́kọ́ ni "I saw my boss yesterday." Bí o bá kọ "I have seen my boss yesterday", "ti" ló tàn ọ́. "Ti" wa ń sọ pé nǹkan ti parí, kò sì kàn án bí a bá dárúkọ ọjọ́ tó parí. "Have seen" kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí àkókò tó ti kọjá lọ pátápátá bá wà nínú gbólóhùn, bí "yesterday", "last week", "in 2019", "two days ago", "have" gbọ́dọ̀ kúrò. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà jìn ju "ti" lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà. "Mo lọ" ti kọjá, "mo mọ̀" wà nísinsìnyí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun kankan lára "lọ" tàbí "mọ̀" tó fi ìyàtọ̀ hàn. Etí wa kò fìgbà kan kọ́ láti máa retí pé kí ọ̀rọ̀-ìṣe yí àwọ̀, ìdí nìyẹn tí "He go" fi lè kọjá lójú rẹ nígbà mẹ́ta láìta ọ́ lólobó. Ojú ni kí o fi ṣe iṣẹ́ etí: fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe, kí o sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè, ta ni olùwà rẹ, ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?

Èkejì: "She has been living in Mọ̀rẹ̀ since 2015." "He" náà tọ̀nà, torí "ó" kò yan ọkùnrin tàbí obìnrin. "She is living there since 2015" ni àṣìṣe. Ṣọ́ "láti" pẹ̀lú: a lè sọ pé láti ọdún 2015, a sì lè sọ pé láti ọdún mẹ́wàá. Gẹ̀ẹ́sì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. "Since" wà fún ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀, "for" wà fún bó ṣe pẹ́ tó: "since 2015", "for ten years". Kò sí "since ten years".

Ẹ̀kẹta, "Lend me your biro." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni "yá" lọ́dọ̀ wa fún ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà. Ẹni tó ń fúnni ló ń "lend", ẹni tó ń gbà ló ń "borrow". "Borrow me" kò sí.

Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ ká wò dáadáa, torí àṣìṣe mẹ́ta ló lè wọ inú gbólóhùn kékeré yìí: "He asked me that where am I going." "Pé" wa ni wọ́n sọ di "that", bẹ́ẹ̀ sì rèé, Gẹ̀ẹ́sì kì í fi "that" síwájú "where", "when", "why" tàbí "how" tó ń gbé ìbéèrè. "Am I" ṣì wà ní ìtò ìbéèrè, nígbà tó jẹ́ pé ìròyìn là ń ṣe, a kò béèrè mọ́. Olùwà gbọ́dọ̀ padà síwájú. "Am" sì gbọ́dọ̀ di "was", torí "asked" ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ẹ̀yìn. Èyí tó tọ̀nà ni "He asked me where I was going." Bí ìbéèrè náà bá jẹ́ ti bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, "if" tàbí "whether" ni yóò gbé e: "She asked me whether I had eaten."

Ìkarùn-ún: "My father has gone to his farm." Ọ̀wọ̀ tí a fi ń pe bàbá ní "wọn" kò bá wọn dé Gẹ̀ẹ́sì. Bí o bá kọ "their farm", olùmáàkì yóò máa wá àwọn ènìyàn yòókù tó ni oko náà. Ìkẹfà kò gba àkókò: "Although it rained, we went." "Although" àti "but" kì í jọ gbé nínú gbólóhùn kan, mú ọ̀kan.

Ìkeje: "One of the children does not have shoes." Ẹ̀yìn "one of the", ọ̀rọ̀-orúkọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹyọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni "does" ti gba "s" yẹn tán, nítorí náà "have" kò gbọdọ̀ di "has" mọ́. Ọ̀nà kan náà ni "did" ń gbà: "did not go", kì í ṣe "did not went". Fún olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, pẹ́ńsù ló dára jù. Pa gbogbo ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì rẹ́, kí o sì ka ohun tó kù. "The quality of the oranges in those markets is poor": pa "of the oranges in those markets" rẹ́, "the quality is poor" ló kù. "The principal, together with his teachers, is here": pa ohun tó wà láàárín kọ́mà méjèèjì rẹ́. Àmọ́ "neither… nor" kò bá ọ̀nà yìí lọ, olùwà tó sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe jù ló ń pàṣẹ níbẹ̀: "Neither the boys nor their teacher is here."

Ìkẹjọ: "He gave me two pieces of advice." Ọ̀rọ̀ bí "advice", "information", "furniture", "equipment" àti "luggage" kì í gba "s". Tún wo sípẹ́lì: "c" ni ọ̀rọ̀-orúkọ ń lò, "s" ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń lò, "advice" àti "advise".

Ìkẹsàn-án: "You will come tomorrow, won't you?" "Àbí" wa kì í yí padà, ìdí nìyẹn tí "isn't it" fi rọ̀ wá lẹ́nu níbi gbogbo. Mú ọ̀rọ̀ aṣèrànwọ́ inú gbólóhùn, yí i padà, bí ó bá gbà, kí ó kọ̀. Bí ó bá kọ̀, kí ó gbà. Há mẹ́ta tó ṣòro yìí sórí: "I am late, aren't I?", "Let's go, shall we?", "Nobody came, did they?" Ó dára kí o mọ̀ ọ́n, torí wọ́n fẹ́ràn láti máa bi í, àmọ́ kì í pọ̀ nínú àròkọ.

Ìkẹwàá: "If I had known, I would not have come." "Would" kì í wọ ẹ̀gbẹ́ tí "if" wà nínú irú gbólóhùn yìí. "If I would have known" ni ọ̀pọ̀ ń kọ.

Èyí tó tọ́ pátápátá, tó fi dé orí àmì ìdánudúró, nìkan ni kí o fún ní ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Bí o kò bá gba méje, ibí yìí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nídìí past question. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi Yorùbá ṣe é, torí èdè tí ò ń ronú ni àwọn àṣìṣe yìí ti ń jáde, ibẹ̀ náà la ti lè dá wọn mọ̀.

Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí sọ fún ọ pé kí o má sọ Yorùbá mọ́. Nítòsí rẹ gan-an la ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ àkóso Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wéra pẹ̀lú àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Yorùbá tilẹ̀ lè gbà ọ́ níbi kan tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù máàkì: ìbéèrè inú àkàyé tó ní kí o sọ irú ẹ̀yà gírámà tí àwọn ọ̀rọ̀ kan jẹ́, àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Wo méjì yìí: "the news that he brought" àti "the news that he had died". "That" kan náà ló wà nínú méjèèjì, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n. Sọ wọ́n ní Yorùbá: ìròyìn tí ó mú wá; ìròyìn pé ó ti kú. "Tí" àti "pé" ti ya ọ̀nà. Níbi tó bá ti jẹ́ "tí", eyán ló ń yán ọ̀rọ̀-orúkọ, "adjectival clause" ni. Níbi tó bá ti jẹ́ "pé", "noun clause" ni, ìyẹn awẹ́ gbólóhùn tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. Nínú "She said that the price had risen", "pé" ni, "noun clause" ni, àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe "said" sì ni. Kọ ọ́ tán o: "It is the object of the verb 'said'." Ẹni tó bá kọ "object of the verb" láìdárúkọ ọ̀rọ̀-ìṣe náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Bákan náà, "It qualifies the noun 'news'", kì í ṣe "It qualifies the noun" lásán.

Ìdánwò kẹta ni àròkọ fúnra rẹ̀. Mú ohun tí o mọ̀ bí ẹní mowó, bí àpẹẹrẹ bí ẹ ṣe ń tẹ ìwé oníbàárà láti ìgbà tó bá wọlé títí yóò fi sanwó, kí o sì kọ ọ̀rọ̀ 450 lórí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 50. Bírò àti ìwé ni kí o lò. Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ lójoojúmọ́ ń fa ìlà pupa sábẹ́ àṣìṣe rẹ, ó sì ń tún òmíràn ṣe láìsọ fún ọ. Ó ti sọ ojú rẹ di ọ̀lẹ. Bí o bá kọ ọ́ tán, pa á dé di ọjọ́ kejì. Bí o bá kà á lójú ẹsẹ̀, ohun tó wà lọ́kàn rẹ ni wàá kà, kì í ṣe ohun tí o kọ.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kí o kà á, kí o sì máa wá ohun kan ṣoṣo nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kínní, ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀-orúkọ: ṣé ẹyọ ni àbí ọ̀pọ̀, ṣé ó nílò "a" tàbí "the"? Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ àti ọ̀rọ̀ atọ́kùn. Ibẹ̀ ni wàá ti bá "discuss about" pàdé, torí pé "jíròrò lórí" là ń sọ. "Discuss the matter" ló tọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ibi tí gbólóhùn parí sí, kí o sì kà á láti gbólóhùn ìgbẹ̀yìn wá sí ti àkọ́kọ́ kí ìtàn má bàa gbé ọ lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni kí wọ́n fi kọ́mà so odidi gbólóhùn méjì pọ̀.

Lẹ́yìn náà, wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, kí o sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe nìkan, kí wọ́n má tún un ṣe. Iye tí wọ́n rí tí ìwọ kò rí ni kí o kọ sílẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ojú rẹ àti ojú wọn ni ìwọ̀n gírámà rẹ ní tòótọ́.

Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọ ìwé kékeré kan: gbólóhùn tí o ṣì kọ, gbólóhùn tó tọ́, àti ìdí rẹ̀ ní Yorùbá tìrẹ. Bí o kò bá lè kọ ìdí náà ní Yorùbá, kò tíì yé ọ. Padà sí i ní ọjọ́ kejì, ní ọjọ́ keje, àti ní ọjọ́ kọkànlélógún, pẹ̀lú gbólóhùn tuntun tí o ṣẹ̀dá fúnra rẹ nígbà kọ̀ọ̀kan. Bó bá tọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pa á rẹ́. Bó bá já ní ẹ̀ẹ̀kan, bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń da ìdáhùn kọ láìṣẹ̀dá gbólóhùn máa ń rò pé àwọ́n ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ọwọ́ wọn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wàá rí i pé irú àṣìṣe márùn-ún tàbí mẹ́fà ló ń jẹ ọ́ ní máàkì, wọ́n kàn ń pààrọ̀ aṣọ ni.

Ní ti ìgbà tó yẹ kí o san owó fọ́ọ̀mù, ìmọ̀ràn mi nìyí. Di pépà ọdún kan pa mọ́ láìṣí i. Bí àròkọ méjì tó tẹ̀ léra bá ti ọwọ́ olùkọ́ náà jáde pẹ̀lú àṣìṣe tí kò ju mẹ́jọ lọ nínú ọ̀rọ̀ 450, ṣí pépà náà ní àárọ̀ Sátidé kan, ṣe gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú aago, tó fi mọ́ àkàyé àti sọ́márì. Bí D tó tọ́ rẹ bá lé ní 50 nínú 80, tí àròkọ náà kò sì kọjá àṣìṣe mẹ́jọ, lọ san owó fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ Ajé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé àṣìṣe rẹ yóò ti sọ ibi tó kù fún ọ. Fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, kí o sì tún un ṣe pẹ̀lú pépà ọdún mìíràn.